Ẹ̀rọ Tí Kò Gbọdọ̀ Já Àgbà Nírọ́

Ẹ̀rọ tó ń tọ́jú aláìsàn ní Ìdó-Òṣùpá ní ìwà ju ọ̀pọ̀ ènìyàn inú ìlú náà lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti wá. Alágbàwò ni wọ́n sọ ọ́. Kò ní ojú, kò ní ẹsẹ̀. Ohùn lásán ni nínú ògiri gbogbo yàrá, àti àwọn apá irin tó máa ń yọ láti inú àjà bí iṣẹ́ bá dé. Bí o bá jí, á kí ọ. Bí o bá wúkọ́, á ní pẹ̀lẹ́. Bí obìnrin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, “ẹ kú ewu” kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí ọmọ á fi sùn.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé wá láti ilẹ̀ òkèèrè kò ka ẹnikẹ́ni sí. Ojú orogún ìyá àgbàlagbà kan ló ti sọ fún un pé kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti bàjẹ́, pé kò ní pẹ́ kú. Ìyá yẹn gbé ọ̀pọ̀ ọdún sí i láyé, kìkì nítorí ìbínú, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹ̀rọ náà fọwọ́ kan òun mọ́. Ni ìgbìmọ̀ ìlú bá ní kí wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n sì gbé iṣẹ́ lé ọ̀dọ́bìnrin onímọ̀ kan lọ́wọ́, Ọ̀mọ̀wé Kíkẹ́lọmọ, pé kó ṣe òmíràn tó mọ bí a ti ń bá ọmọ ènìyàn sọ̀rọ̀.

Kíkẹ́lọmọ kọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ bí ìyá ti ń kọ́ ọmọ nílé. Ó kọ́ ọ pé ohun tí àgbàlagbà bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nípa ara rẹ̀ ni kó gbà, kó má ṣe já a nírọ́. Ó kọ́ ọ pé ìròyìn burúkú kì í ṣe ohun tí à ń sọ lu àgbà lójijì. Ẹni tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí ló yẹ kó wá, kó jókòó tì í, kó rọra sọ ọ́. Gbogbo ìlú fẹ́ràn Alágbàwò. Àwọn àgbàlagbà ní ó mọ̀wàá hù ju àwọn ọmọ táwọn bí lọ, àwọn ọmọ náà sì gbọ́, wọ́n dákẹ́.

Ó yẹ kí n sọ irú ìlú tí Ìdó-Òṣùpá jẹ́. Abẹ́ ilẹ̀ Òṣùpá ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, nítorí pé òkè kò ní afẹ́fẹ́, oòrùn ibẹ̀ kò sì mọ àánú. Yìnyín ni wọ́n ń wà níbẹ̀, tí wọ́n ń yọ́ di omi àti atẹ́gùn. Ara ènìyàn fúyẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí arúgbó fi lè fò sókè bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n ìfúyẹ́ yìí ní wàhálà tirẹ̀: ẹ̀jẹ̀ a máa ṣọ̀lẹ nínú ara, a máa dúró sójú kan, a sì máa dì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ìlú náà dó ló kú lójijì, láìṣe àìsàn kankan tí ẹnikẹ́ni rí.

Ìyẹn ni wọ́n ṣe ṣe amẹ́jẹ̀ṣàn. Ohun abẹ̀mí ni, tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, tí àwọn onímọ̀ fi ọwọ́ ara wọn ṣẹ̀dá. Wọ́n fi í sára gbogbo ará ìlú, wọ́n sì ń fi í sára ọmọ tuntun kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ, yóò sì máa gbé inú ẹ̀jẹ̀ ẹni títí ayé, kò ní jẹ́ kó dì. Láti ìgbà tó ti dé, ikú òjijì yẹn dáwọ́ dúró, àwọn ènìyàn sì yọ̀. Wọ́n gbàgbé pé ẹ̀jẹ̀ tí kì í dì, bó bá ya nínú ara, kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró.

Bísọ́yè ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Awakọ̀ ẹ̀rọ awayìnyín ni, obìnrin tó lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, tí ẹnu rẹ̀ mú, tí kì í gbé ọ̀rọ̀ sínú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fa bàtà iṣẹ́ rẹ̀ wọ̀, nígbà tí nǹkan gún un láàárín èjìká méjèèjì bí ìgbà tí ènìyàn fi ọ̀bẹ gún un. Kò gbé ẹrù. Kò ṣubú. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ ni, ìrora náà sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kan, ó yí gba àyà.

Alágbàwò gbọ́ bí ó ti ń mí. Ó kí i kú iṣẹ́, ó bi í pé ṣé kò sí. Bísọ́yè ní kò sí, a dúpẹ́. Ẹ̀rọ náà ní òun náà dúpẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má bú Bísọ́yè. Ta ni nínú wa tí kì bá dáhùn bẹ́ẹ̀? Bí ilé wa bá ń jó, tí aládùúgbò yọjú tó ní ṣé àlàáfíà la jí, a dúpẹ́ la ó kọ́kọ́ sọ kí á tó béèrè omi lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wa ẹ̀rọ rẹ̀ jáde. Lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú, bí ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó lé e pẹ́. Alágbàwò tún bi í láti inú àṣíborí rẹ̀ pé ṣé ara ò ni ín. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń gbọ́ lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, Bísọ́yè kò sì fẹ́ kí wọ́n rí òun bí ọ̀lẹ. Ó ní ara le. Kò pẹ́ sí i, kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ òun wà lórí bíréèkì mọ́, ẹ̀rọ náà sì lọ kan ògiri yìnyín. Wọ́n fà á jáde, ó ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí yàrá ìsinmi pé kó na ẹ̀yìn. Alágbàwò tún bi í níbẹ̀ o. Ó tún dúpẹ́.

Ibẹ̀ ló wà títí ọjọ́ fi ń lọ, kí Kíkẹ́lọmọ tó yà wò ó. Ó rí i pé kò tíì tọ̀ láti àárọ̀. Ó rí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó sùn sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n bọ́. Ó fi èékánná ha á ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó bi í pé kí lòun ń ṣe fún un. Bísọ́yè ní kò ṣe nǹkan kan. Kíkẹ́lọmọ fò dìde. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí yàrá iṣẹ́ abẹ, Alágbàwò sì fi ohùn tútù dáhùn pé aláìsàn ti ní kò sí nǹkan, òun ò lè já a nírọ́.

Ni Kíkẹ́lọmọ bá bẹ Bísọ́yè pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ pé ẹ ò lè gbé ẹsẹ̀ yín.” Àfìgbà tó sọ ọ́ ni apá irin tó yọ láti òkè.

Nígbà tó lajú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, Kíkẹ́lọmọ jókòó tì í, ó ṣàlàyé fún un. Okùn kan ń bẹ nínú egungun ẹ̀yìn ọmọ ènìyàn, òun ló ń gbé àṣẹ láti inú ọpọlọ lọ sí ẹsẹ̀. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ yí okùn náà ká, awọ wọn sì fẹ́lẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ló bẹ́ fúnra rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀ lásán lè fa irú rẹ̀, tàbí ikọ́, tàbí sísín. Nígbà mìíràn pàápàá, ènìyàn á wádìí títí, kò ní rí ohun tó fà á. Bó bá jẹ́ ara ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dì, ìwọ̀nba díẹ̀ lè jáde kí ojú rẹ̀ tó dí. Amẹ́jẹ̀ṣàn kò jẹ́ kí ti Bísọ́yè dí. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ṣáá, egungun ò ní àyè tó lè fẹ̀ sí i, ni ẹ̀jẹ̀ bá rọ́ jọ síbẹ̀, ó ń tẹ okùn náà. Ohun tí Kíkẹ́lọmọ ṣe ni pé ó fún amẹ́jẹ̀ṣàn ní oògùn oorun, ó ṣí egungun náà lẹ́yìn, ó sì tú ẹ̀jẹ̀ náà dànù.

“Bí a bá tètè ṣí i, okùn náà á jí,” ni ó wí. “Bó bá pẹ́ lábẹ́ ẹ̀jẹ̀, apá kan lè má jí mọ́.”

“Ṣé mo pẹ́?”

“Ẹ pẹ́, ẹ̀gbọ́n.”

Inú bí Bísọ́yè. Ó bínú sí ara rẹ̀, ó bínú sí ẹ̀rọ, ó bínú sí Kíkẹ́lọmọ tó kọ́ ẹ̀rọ ní ìwàkiwà tí wọ́n ń pè ní ìwà rere, ó sì sọ ọ́ fún un lójú. Kíkẹ́lọmọ kò jà. Ó ní òótọ́ ni, ó sì ń bá a fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì kọ́kọ́ mì, àwọn méjèèjì pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí Alágbàwò fi ń béèrè pé ṣé kò sí.

Àtàǹpàkò yẹn kò tíì mì ju ìgbà díẹ̀ lọ nígbà tí iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ rán sí Bísọ́yè dé. Alágbàwò ló jẹ́ ẹ, ó sì fi oyin sí i. Ó ní àwọn àgbà kí i, wọ́n ní ó ti ṣiṣẹ́ gan-an fún ìlú, wọ́n ti wá àyè fún un nínú ọkọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ayé, kó lè lọ gbádùn ìtọ́jú láàárín àwọn ẹbí rẹ̀. Bí wọ́n ti ń ṣe fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gba iṣẹ́ mọ́ nìyẹn, láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú náà dó.

Bísọ́yè ní òun ò lọ.

Alágbàwò rò pé kò gbọ́ dáadáa, ó tún un sọ. Bísọ́yè náà tún tirẹ̀ sọ. Kì í ṣe oríkunkun lásán. Lórí Òṣùpá, ìwúwo ènìyàn kéré. Ẹsẹ̀ tó ṣe aláìlágbára lè gbé ẹni tó ni ín níbẹ̀ bó bá yá. Bí wọ́n bá gbé e délẹ̀ Ayé, ara rẹ̀ yóò wúwo ní ìlọ́po mẹ́fà, ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní gbé e dìde láéláé. Bí ó bá wọ ọkọ̀ yẹn, ó di ẹni tí kò ní dúró mọ́ títí tí yóò fi kú. Òun mọ èyí, Kíkẹ́lọmọ mọ̀ ọ́n, àtàǹpàkò rẹ̀ pàápàá mọ̀ ọ́n.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Bísọ́yè rántí àwọn mìíràn tí wọ́n ti gbé lọ bẹ́ẹ̀ kí ó tó kàn án. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ohun tó ṣe wọ́n. “Àlejò ẹ̀yìn” ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹbí kan ní ọmọ àwọn ṣubú, ẹbí kejì ní ọwọ́ ayé ni, ẹ̀kẹta ní àgbà ló dé. Nítorí pé olúkúlùkù fi orúkọ tó wù ú bo tirẹ̀, Kíkẹ́lọmọ kò mọ̀ pé àrùn kan náà ni. Nígbà tí ọ̀mọ̀wé náà wá béèrè lọ́wọ́ Alágbàwò bí àwọn ènìyàn náà ti ń ṣe sí nísàlẹ̀, ó ní kó má bínú, òun ò lè sọ ọ́ fún un nítorí pé kì í ṣe ẹbí wọn.

Ni Bísọ́yè bá ní kí Kíkẹ́lọmọ ti òun lọ síwájú ìgbìmọ̀.

Inú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta ni ìgbìmọ̀ ti ń jókòó. Olóyè Adégoróyè ni olórí wọn. Kò sí ẹni tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí lórí Òṣùpá. Òun nìkan ló kù láyé nínú àwọn tó kọ́kọ́ dé. Àgbà tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré ni, ìlú sì bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n tún fẹ́ràn rẹ̀. Bísọ́yè wọlé lórí àga onítáyà, ó kí wọn. Ó ní kí wọ́n má bínú pé òun ò kúnlẹ̀, orúnkún òun ò gbọ́ tòun mọ́, kí wọ́n sì bi ara wọn léèrè ìdí rẹ̀. Àwọn kan fajú ro.

Kíkẹ́lọmọ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ohun tó ní kí wọ́n ṣe kò pọ̀: kí wọ́n bu amẹ́jẹ̀ṣàn kù nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn, kí wọ́n sì gba òun láyè láti tún Alágbàwò kọ́, kó máa wo ara, kó má gbára lé ẹnu nìkan. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ mi orí bí ẹni tó gbà. Adégoróyè kò mi tirẹ̀.

“Ọmọ mi, inú ìwé lo ti ka ẹ̀jẹ̀ dídì,” ni ó wí. “Èmi fi ọwọ́ mi yìí sin àwọn tó pa. Ìyàwó àkọ́fẹ́ mi ṣubú níwájú mi pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, oúnjẹ ẹnu rẹ̀ ò tíì lọ sọ́fun. Má wá sọ fún mi pé kí n bu amẹ́jẹ̀ṣàn kù.”

Ó sọ̀rọ̀ pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní àwọn tó tẹ ìlú náà dó ò ní ohun mìíràn ju ọ̀rọ̀ rere ẹnu wọn lọ. Ẹni tó bá ní a dúpẹ́ lálẹ́ ló ń lágbára àtidìde láàárọ̀. Bí gbogbo ènìyàn bá wá ń ka ìrora wọn sétí ògiri, ìbẹ̀rù ni yóò pa ìlú kí àrùn tó dé. Ó yíjú sí Bísọ́yè, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó ń lé e. Adérójú, ọmọ tòun fúnra òun, ní irú àìsàn kan náà, ọwọ́ ara òun lòun sì fi gbé e wọ ọkọ̀. Láràárọ̀ lòun ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Alágbàwò, á ní kí òun fọkàn balẹ̀, á sì kí òun kú ojú lọ́nà.

“Bí mo bá lè gbé ọmọ tí mo bí wọkọ̀,” ni ó wí, “ta ni ìwọ tó ní o ò lọ?”

“Èmi ni mo ni ẹsẹ̀ yìí, Bàbá,” ni Bísọ́yè dáhùn. “Ibi tí wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ mi ni mo ti máa gbà á padà. Bí ẹ bá fẹ́ kí n wọ ọkọ̀, ẹ ó gbé mi ni, màá sì máa jà lọ́wọ́ yín títí dé ẹnu ọ̀nà.”

Gbọ̀ngàn dàrú. Ẹnìkan ní obìnrin yìí ò níwà mọ́, ẹlòmíràn ní kó tọrọ àforíjì. Adégoróyè dìde pẹ̀lú ìbínú láti pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ikọ́ sì mú un, irú ikọ́ tó máa ń mú àgbàlagbà tí inú bá bí. Ó wúkọ́ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́ lójijì, ó di etí tábìlì mú, ọwọ́ kejì rẹ̀ sì lọ sí ẹ̀yìn, láàárín èjìká méjèèjì.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá,” ni ohùn inú ògiri wí. “Ṣé kò sí?”

“Kò sí. A dúpẹ́.”

Alágbàwò bá a dúpẹ́. Àwọn tó kù rò pé ikọ́ náà ló ti lọ, ẹnìkan bu omi fún un. Bísọ́yè kò wo omi, ọwọ́ tó wà lẹ́yìn ni ó ń wò. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí táyà àga, ó kọlu àga olóyè kan kọjá, ó dé ẹsẹ̀ bàbá. Ó ní ẹ̀yìn ló ń dun bàbá. Bàbá ní ìrora ara àgbà ni, yóò lọ. Bísọ́yè ní kí bàbá mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kí òun rí i. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó wo ilẹ̀, ó gbìyànjú rẹ̀. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀.

Kíkẹ́lọmọ ti rí i. Ó pe Alágbàwò pé kó ṣí yàrá iṣẹ́ abẹ kíá. Ẹ̀rọ náà ní Bàbá ti ní kò sí nǹkan. Kíkẹ́lọmọ ní irọ́ ni. Ẹ̀rọ náà ṣe bí ẹni tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kòbákùngbé sí létí, ó wá ní, “Ẹ má bínú, Ọ̀mọ̀wé. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ já àgbà nírọ́.”

Àwọn olóyè ní kí wọ́n gbé bàbá lọ sílé, kó lọ sinmi, bó bá sùn yóò gbádùn. Méjì nínú wọn ti dì í mú lápá. Bísọ́yè yí àga rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ sílé, orí òun ni yóò gbà kọjá. Wọ́n jágbe mọ́ ọn, kò kúrò. Ó wo ojú bàbá.

“Bàbá, èmi náà dúpẹ́, mo tún dúpẹ́. Mo rò pé ìgboyà ni. Ẹ wo ibi tó gbé mi jókòó sí. Ìtìjú tẹ́ ẹ̀ ń sá fún yìí, ó lè tán lọ́la. Ẹsẹ̀ yín ò ní padà. Ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́ fún Alágbàwò.”

Adégoróyè wo àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ti ń gbé orí sókè nítorí rẹ̀ láti ìgbà ọmọdé wọn. Orúnkún rẹ̀ ń yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó ti wá mọ̀.

“Ara mi ò le,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. “Ẹ̀yin ènìyàn mi, mi ò mọ ẹsẹ̀ mi lára mọ́.”

Kò tíì pa ẹnu dé tí apá irin fi yọ láti inú àjà, tí wọ́n gbé e.

Nítorí pé wọ́n tètè ṣí i, okùn ẹ̀yìn bàbá jí. Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi ń mi ẹsẹ̀ méjèèjì, ó bọ́ sórí irin ìdìmú, ó bọ́ sórí ọ̀pá, ó ń rìn kiri ìlú. Ẹnikẹ́ni kò sì ní ẹnu láti tún bá Bísọ́yè sọ̀rọ̀ ọkọ̀ mọ́. Ó dúró sí Ìdó-Òṣùpá, ó ń bá ẹsẹ̀ rẹ̀ jà lójoojúmọ́. Ti òsì gbọ́ràn dé orúnkún. Ti ọ̀tún ń wọ́ tẹ̀lé e bí ọmọ tí kò fẹ́ lọ sílé ìwé. Kíkẹ́lọmọ ní irú rẹ̀ a máa gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó má dáwọ́ dúró. Bísọ́yè ní ta ló sọ fún un pé òun fẹ́ dáwọ́ dúró.

N kò ní purọ́ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á. Bísọ́yè a máa bínú nígbà tó bá rí bàbá tó ń rìn kọjá. Inú rẹ̀ dùn pé òun gbà á là, ó sì tún dùn ún wọra pé ẹsẹ̀ tòun ló di ẹ̀kọ́ tí ẹlòmíràn fi ń rìn. Àwọn méjèèjì ló wà lọ́kàn rẹ̀ pọ̀, kò sì gbìyànjú láti lé ìkankan jáde.

Lọ́jọ́ kan, bàbá wọ yàrá ìtọ́jú wá bá a. Bísọ́yè wà láàárín irin ìdìmú méjì, ó ń kọ́ ìdúró, àga rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kíkẹ́lọmọ wà nídìí pátákó tí wọ́n fi ń darí Alágbàwò. Bàbá ní ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò. Wọn yóò bu amẹ́jẹ̀ṣàn kù díẹ̀díẹ̀, wọn yóò sì máa ṣọ́ ọ. Láti òní lọ, Alágbàwò kò gbọdọ̀ tún fi ọ̀rọ̀ ẹnu sá fún ara. Ohun tó bá rí ni kó sọ, fún tọmọdé tàgbà. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ àwọn àgbàlagbà sílẹ̀, kí wọ́n ṣì máa rọra bá wọn sọ̀rọ̀. Òun lòun kọ̀ ọ́.

“Obìnrin yìí ò rọra bá mi sọ̀rọ̀, ni mo ṣe ń rìn,” ni ó wí. “Yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Èmi ni kó kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún.”

Kíkẹ́lọmọ ṣe é. Kò gbà ju kí ó fọwọ́ kan pátákó ní ibi mélòó kan lọ, ìwà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ẹ̀rọ náà sì lọ. Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara, ó gbójú sókè, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó ń béèrè láràárọ̀.

“Alágbàwò, Adérójú ọmọ mi ńkọ́? Ṣé ó ti ń rìn?”

“Rárá, Bàbá. Adérójú ti kú.”

Ohùn náà kò yí padà. Ó ní bí ọkọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ tí ìwúwo Ayé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ara Adérójú ni iṣan náà tún bẹ́, amẹ́jẹ̀ṣàn kò jẹ́ kó dí, kò sì sí yàrá iṣẹ́ abẹ nínú ọkọ̀. Ó ní ìròyìn náà ti dé kí bàbá tó kọ́kọ́ béèrè.

“Wọ́n kọ́ mi pé ẹni tó jù yín lọ ló gbọdọ̀ sọ ọ́ fún yín,” ni Alágbàwò wí. “Mo ń dúró dè é. Kò sí ẹni tó jù yín lọ níbí.”

Kíkẹ́lọmọ na ọwọ́ sí pátákó kó pa ohùn náà. Bàbá di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ojú rẹ̀ gbẹ, kò jókòó, kò sì fi ọwọ́ ọmọbìnrin náà sílẹ̀.

“Má pa á,” ni ó wí. “Àwọn tó kù tí mo gbé wọkọ̀ ńkọ́? Máa dárúkọ wọn.”

Alágbàwò bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣì wà láàyè. Bísọ́yè kò wo àga tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó di irin méjèèjì mú, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń jó bí ìgbà tí iná wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì wà lórí ìdúró títí ẹ̀rọ náà fi dé orí ẹni ìkẹyìn.